Ilẹ̀ Pákó Tó Ṣeé Tẹ̀

Ọjọ́ Ẹtì, 5 Oṣù Kẹsàn-án
Mo ti ṣègbéyàwó. Ní kọ́ọ̀tù, lánàá, èmi àti Àgùntáṣọọ́lò mi. Ìwọ ìwé yìí ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Màmá ò tíì gbọ́ — wọ́n ti búra pé àwọn ò ní fa ọmọ àwọn lé ọkùnrin kankan lọ́wọ́ tí kò bá nílé tí ilẹ̀ rẹ̀ ṣeé tẹ̀. Ilé àtijọ́ tí bàbá àgbà ọkọ mi fi sílẹ̀ fún un la wà yìí, kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà tó ti fàya ló bo gbogbo ilẹ̀. A fẹ́ tún un ṣe tán ká tó jẹ́wọ́. Ẹ̀rù ń bà mí. Inú mi sì ń dùn bí ẹni tí wọ́n fi jọba.

Ọjọ́ Ajé, 8
A ká kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀. Pákó ló wà lábẹ́ rẹ̀. Pákó gidi, láti ògiri dé ògiri. Àgùntáṣọọ́lò sáré wá wò ó, ó forí gbá àtẹ́rígbà. Bàbá káfíńtà tí a bẹ̀ níṣẹ́ fi ìka kan ilẹ̀, wọ́n ní igi yìí le ju orí ọkọ mi lọ.

Ọjọ́bọ̀, 11
Sáńdípépà láti àárọ̀. Bí ojú igi bá ṣe lọ là ń ha á lọ. Eruku nínú irun, eruku nínú tíì. Ọkọ mi ní mo ti di ìyá arúgbó. Mo ní òun náà dà bí eku inú ìyẹ̀fun. Pákó ti ń pọ́n bọ̀, bí oyin.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13
Mo ti bà á jẹ́. Mo jí, mo da omi ọṣẹ sílẹ̀, mo fọ pákó bí Màmá ṣe kọ́ mi — ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ni tiwa nílé, ta ló mọ̀. Ó wú, ara rẹ̀ rí ṣákiṣàki. Mo sunkún. Bàbá káfíńtà ní igi tó sá fún òjò wọnú ilé, mo tún gbé omi bá a níbẹ̀. Wọ́n ní kó gbẹ ná, ká tún un ha.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16
Ó ń gbẹ.

Ọjọ́ Ẹtì, 19
Màmá dé láìsọ tẹ́lẹ̀, wọ́n ní ẹnì kan sọ fún àwọn pé òun rí mi níbí. Wọ́n rí òrùka. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo kúkú wà, mi ò mọ ibi tí mo tún fẹ́ kúnlẹ̀ sí. Àgùntáṣọọ́lò dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan ti omi ọṣẹ. Wọ́n wá bọ́ bàtà, wọ́n fi àtẹ́lẹsẹ̀ ra pákó náà. Wọ́n ní ta ló kọ́ mi pé kí n máa fọ pákó. Mo ní Màmá fúnra wọn ni. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu wọn. Wọ́n ní àwọn ṣì ń bínú o, àmọ́ kí àna àwọn dìde, kó fún àwọn ní sáńdípépà kan.
Àna. Wọ́n pè é ní àna.

Ọjọ́ Àìkú, 28
Fánìṣì kejì tí a kùn sí pákó ti gbẹ. Fèrèsé ń hàn nínú ilẹ̀. Màmá ti pe àwọn àbúrò wọn, wọ́n ti pe ìyá ọkọ mi, síbi àsè ìgbéyàwó wa nílé yìí, bí ẹni pé àwọn ló ṣètò ìgbéyàwó náà. Wọ́n ní ẹni tó bá pẹ́ dé, ìta ló máa jókòó sí. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 Oṣù Kẹwàá, kí gbogbo wọn ti dé láàárọ̀.