Ẹ̀fọ́ Ìrọ̀lẹ́ fún Bàbá Dáraolúwa

Ọkọ mi, Bàbá Dáraolúwa, ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ara mi le dáadáa ní London níbí. Òtútù náà ti ń mọ́ mi lára.

Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ẹ ní tí ẹ bá ti ibi iṣẹ́ dé sí Ìkìrun, ebi á ti máa pa àwọn ọmọ, kí ni ẹ lè tètè sè tí yóò ṣe wọ́n lóore. Ó mà dùn mọ́ mi o! Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé oúnjẹ alẹ́ kì í ṣe iṣẹ́.

Ẹ gbé iṣu kaná. Kó tó jinná, ẹ fọ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Ẹ yọ ata tí ẹ bá ti sè sílẹ̀ ní Sátidé nínú fìrísà, ẹ fi ẹja gbígbẹ àti epo díẹ̀ sí i, kí ẹ wá da ẹ̀fọ́ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni, ata inú fìrísà, ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ ọbẹ̀ yìnyín! Èyí tí mo sè nígbà tí mo wà nílé, ajá lẹ dà á fún níṣojú ìyá yín.

Ẹ ò béèrè nǹkan tí èmi ń jẹ. Orí ìdúró ni mo ti ń jẹun, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń ti àwo padà sí mi.

Ẹ bá mi kí ìyá mi ní Inisa. Ẹ kí obìnrin yẹn náà ní Òkukù, ẹni tí ẹ ti máa ń jẹun yó lọ́dọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó wálé.

Ẹ ní ìgbà wo ni mo ń bọ̀. Ẹ bu oúnjẹ tèmi sọ́tọ̀, ẹ dé e, kí ẹ sì jókòó dè mí bí mo ṣe máa ń jókòó dè yín.

Èmi ni,
Mojíbọ́lá.