Ta Ni Ìyàwó Nínú Àwa Méjèèjì

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta
Mo kan ilẹ̀kùn méjì. Ọ̀kan wọ́. Mo tú u, mo tún un kàn. Ọ̀gá — ìyàwó mi, tíṣà tí kì í jẹ́ kí àṣìṣe ẹnikẹ́ni kọjá — kò mọ̀ mí lónìí náà. Ó pè mí ní bọ̀dá káfíńtà. Kò kúkú parọ́. N kò bínú, n kò sunkún. Bíi pákó ni mo rí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún
N kò gbàdúrà. Ó pé oṣù mẹ́rin.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ
Àbúrò Ọ̀gá wá. Ó wo aṣọ tí mo sá, ó wo irùngbọ̀n mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti gbìyànjú. Ẹ jẹ́ kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Kò kúkú mọ ilé kan yàtọ̀ sí èkejì mọ́." Mo ní kò burú. Kíá báyìí! Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ ni yóò wá mú un. Ìgbéyàwó ọdún méjìdínlógójì, mo fi "kò burú" pa á dé. Ó yẹ kó dùn mí. Kò dùn mí.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá
Pásítọ̀ yà ní ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ Ẹtì ni kíláàsì àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó máa parí. Èmi àti Ọ̀gá la ti ń kọ́ wọn láti ọdún mẹ́tàdínlógún. Lọ́jọ́ ìkẹyìn, àwa méjèèjì á tún ẹ̀jẹ́ wa jẹ́ lójú wọn. Màá wá nàka sí àyà ara mi: ọkọ dúró fún Kristi. Màá nàka sí i: ìyàwó, ìjọ nìyẹn. Mo ní kò lè ṣe é lọ́dún yìí. Pásítọ̀ ní, "Bàbá, ẹ ṣáà mú un wá." Kristi wo ni wọ́n fẹ́ fi mí ṣe — èmi tí mo fẹ́ kó ìyàwó lé ẹlòmíì lọ́wọ́?

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá
Mo di ẹrù rẹ̀. Àpótí kan péré. Ó ní, "Ta ló ń rìnrìn àjò?" Mo pa àpótí náà dé.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá
Àfẹ́sọ́nà mẹ́rin pẹ̀lú ọkọ tí wọ́n fẹ́ fẹ́. Mo di ọwọ́ Ọ̀gá mú, mo ka ẹ̀jẹ́ tèmi bí ẹni ń ka orúkọ ọmọ kíláàsì. Ó kan tirẹ̀. Ó ń wo fèrèsé. Ọ̀kan nínú àwọn àfẹ́sọ́nà, nọ́ọ̀sì ni, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀: "Màmá, ṣé ẹ mọ bàbá yìí?"
Ọ̀gá wò mí látòkèdélẹ̀. Ó ní rárá.
Ẹnì kan wúkọ́. Ó tún ní, "Ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ ni mò ń gbé. Tí mo bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀, ọkàn mi á balẹ̀. N ò mọ orúkọ rẹ̀. Ṣé dandan ni?"
Ó yẹ kí n nàka wàyí. Ìka mi gbéra, kò mọ ibi tó máa lọ. Láti ọjọ́ yìí wá, èmi ni mò ń fi ara mi ṣe ọkọ. Oṣù mẹ́rin tí n kò pe orúkọ Ọlọ́run, ọjọ́ kan ò mọ́ kó má jí mi. Mo jókòó. Pásítọ̀ ló bá mi parí ẹ̀kọ́.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún
Mo pe àbúrò rẹ̀ ní kùtùkùtù: má wulẹ̀ wá mọ́, jàre. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ara rẹ̀ ti yá ni?" Mo ní rárá. Tèmi náà ò tíì yá.
Mo kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì. Àdúrà ò wá. Mo ṣáà wà níbẹ̀. Ọ̀gá wá kúnlẹ̀ tì mí, ó bi mí pé ta là ń dúró dè.
Mo ní, ọkọ wa.