Kọ́tìnì Tó Ju Fèrèsé Lọ

                                        Ilé Aláwọ̀ Ewé,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-Ìtẹ̀wé.
                                        Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹta.

Wáyà, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ilé ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ti dín híhanrun rẹ̀ kù, àbí wọ́n ṣì ń gbọ́ ọ láti ilé kejì? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá àbíkẹ́yìn yín tó ń pe gbogbo ayé ní àǹtí, títí kan bàbá rẹ̀? Ẹsẹ̀ tó ń dun màmá rẹ ńkọ́? Mo lérò pé ìrora náà ti ń lọ sílẹ̀. Àwa náà wà níbí, ara le, a kò sì rí ohun tó burú.

Ó yá, mo ti kí ọ tán, jẹ́ kí n wá bá ọ jà. Ìwọ lo dá ọ̀ràn tí mo fẹ́ sọ yìí sílẹ̀. Bí o bá fẹ́ jiyàn, jókòó kí o kà á parí ná.

Ṣé o rántí ọjọ́ tí o wá kí wa, tí o jókòó sí ṣọ́ọ̀bù tí Màmá mi ti ń rán kọ́tìnì, tí fóònù ń dún tí ariwo maṣíìnì kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́? Ìwọ lo sọ pé ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe fóònù orí íńtánẹ́ẹ̀tì níbi iṣẹ́ yín lẹ ní oògùn rẹ̀. O ní nọ́mbà ṣọ́ọ̀bù kò ní yí padà, ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá pè é, fóònù gbogbo wa ni yóò dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé e ló ni ín, tàwọn yòókù á sì dákẹ́. O tún ní a lè sọ fún un pé bí ẹni báyìí bá pè, ibi báyìí ni kó darí ìpè rẹ̀ sí. Ó dùn mọ́ mi létí. Bí o ṣe lọ tán ni mo ṣe é bí o ṣe kọ́ mi: mo so fóònù orí tábìlì Màmá, fóònù tèmi, àti ti Ẹ̀gbọ́n mi pọ̀.

Ibi tí mo ti ṣe é tì nìyẹn. O mọ Ẹ̀gbọ́n mi, olùkọ́ ìṣirò tí a ń pè ní Alága bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó dìbò fún un. (Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n máa pè é ní "wọ́n", ṣùgbọ́n lẹ́tà yìí kò ní dé ọwọ́ rẹ̀.) Láti ìgbà tí Bàbá wa ti kú ló ti fi ara rẹ̀ jẹ olórí ohun gbogbo. Òun ló sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé ọkùnrin kankan kò ní jókòó sórí àga Bàbá tó wà ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù, ló bá di pé aṣọ oníbàárà là ń kó lé e. Màmá kàn ń rán nǹkan wọn lọ nígbà yẹn.

Wáyà, ọkùnrin yìí fẹ́ràn fóònù náà ju ìyàwó rẹ̀ lọ. Ṣọ́ọ̀kì á wà lọ́wọ́ ọ̀tún, fóònù á wà lọ́wọ́ òsì. Kó tó dún dáadáa, ó ti gbé e. Á ní kí oníbàárà sọ ìbú fèrèsé, kó sọ gígùn rẹ̀, kó wá tún un sọ. Bí ẹni náà bá ṣì í, á ní kó lọ fara balẹ̀ wọ̀n ọ́n kó tó padà wá. Kì í tilẹ̀ béèrè orúkọ, nọ́mbà ló ń fún wọn bíi ti ọmọ kíláàsì. Obìnrin kan bi mí ní ṣọ́ọ̀bù pé ṣé ìdánwò ṣì wà lẹ́yìn kọ́tìnì ni. Èmi náà ò kúkú gbà fún un. Bí fóònù bá ti ń mí báyìí, mo ti fò mọ́ ọn kí n lè gbé e ṣáájú rẹ̀. Kì í ṣe tìtorí iṣẹ́ o, kí inú kàn lè bí i ni.

Ibi tí a ti ń sá eré yìí la ti ń ba ayọ̀ Màmá jẹ́, a ò sì mọ̀.

Káfíńtà kan wà tó ń bá Màmá gbẹ́ ọ̀pá kọ́tìnì, àgbà ọkùnrin, ìyàwó wọn ti kú tipẹ́. Bàbá Jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ là ń pè wọ́n, torí ohùn wọn kì í jáde. Lọ́sàn-án, tí Màmá bá pa maṣíìnì láti sinmi, Bàbá Jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ máa ń pè lórí ọ̀rọ̀ ọ̀pá. Ọ̀rọ̀ ọ̀pá yìí máa ń pẹ́. Màmá á rẹ́rìn-ín, wọ́n á yọ jígí ojú wọn, wọ́n á tún rẹ́rìn-ín. Èmi òmùgọ̀, mo rò pé ọ̀pá ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn tí mo so fóònù pọ̀ tán, ẹ̀rín yẹn dáwọ́ dúró. Màmá kò kọrin nídìí maṣíìnì mọ́. Wọ́n rán kọ́tìnì olódòdó kan fún dókítà eyín, gbogbo òdòdó ibẹ̀ ló dorí kodò. Mo bi wọ́n pé kí ló ń ṣe wọ́n, wọ́n ní kò sí nǹkan. Nígbà tó yá ni wọ́n tó fi ìbínú sọ pé àwọn ò mọ irú àgbàlagbà tó ń fíláṣì èèyàn bí ọmọ ilé-ìwé: fóònù á dún lẹ́ẹ̀kan lọ́sàn-án, kí àwọn tó na ọwọ́ sí i, á ti dákẹ́. Mo ní kí wọ́n pe ẹni náà padà. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní àwọn kì í pe ọkùnrin tó ń fíláṣì àwọn.

Kò tíì yé mi síbẹ̀, ṣé o rí i. Iṣẹ́ ló là mí lójú. Alága ló rán mi lọ wọn fèrèsé ilé oníbàárà kan. Ó ní oníbàárà gidi ni, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ yẹn, pé ó ń rán ọlọ́kadà wá gba kọ́tìnì lemọ́lemọ́ ṣùgbọ́n kò mọ ìbú fèrèsé tirẹ̀. Mo gbé téèpù, mo lọ. Ta ló ṣílẹ̀kùn fún mi? Bàbá Jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Wáyà, ilé náà ò ní ju fèrèsé méjì lọ, ọ̀kan nínú yàrá, ọ̀kan níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ igi. Kọ́tìnì wà lórí àga, ó wà lórí tábìlì, ó wà lórí ibùsùn, nínú ọ̀rá tí a fi dì í, wọn ò tú ẹyọ kan. Bàbá dúró sáàárín wọn bí ẹni tí wọ́n ká nǹkan mọ́ lọ́wọ́.

Kí n tó jókòó, wọ́n ti béèrè Màmá. Kí n tó na téèpù, wọ́n tún béèrè wọn. Mo wá fi ọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò. Wọ́n ní Màmá ni àwọn ń pè, ṣùgbọ́n tí àwọn bá ti gbọ́ ohùn Alága tó ń béèrè pé kí lẹ fẹ́, ẹ̀rù á ba àwọn, ẹnu àwọn á sì sọ pé kọ́tìnì ni. Bí èmi ni mo bá gbé e ńkọ́? Ojú á ti àwọn, àwọn á sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ kí n má baà mọ̀ pé àwọn ni, àwọn á tún ra kọ́tìnì. Wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n ní ó ti yé àwọn pé Màmá kò fẹ́ gbọ́ ohùn àwọn mọ́ ni wọ́n ṣe fi àwọn ọmọ sídìí fóònù. Ẹ̀rín ló fẹ́ pa mí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ojú wọn, omi ló bọ́ lójú mi. Àánú wọn ṣe mí gan-an.

Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Nígbà tí mo délé, mo ṣí ibi tí a ti ń ṣètò ìpè. O mọ ibẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń kọ nọ́mbà ẹni tó ń pè, tí wọ́n á wá kọ fóònù tó yẹ kó dún sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ohun tó yẹ kí n kọ ni pé bí Bàbá Jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bá pè, kó dún lọ́dọ̀ Màmá nìkan. Ọwọ́ mi ṣèèṣì. Mo kọ ọ́ pé bí Alága bá pe ṣọ́ọ̀bù, kó dún lọ́dọ̀ Bàbá Jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Àṣìṣe ni. Àmọ́ náà, bí mo bá kàn la ọ̀nà ẹ̀yìn fún wọn, ṣé Alága ò ní padà dí i ni?

Lọ́jọ́ kejì, Alága pe ṣọ́ọ̀bù láti yàrá olùkọ́, ó fẹ́ mọ̀ bóyá a ti tún kọ́tìnì dókítà eyín rán. Fóònù Màmá kò dún, ti káfíńtà ló dún. Ẹnu àwọn méjèèjì ni mo ti gbọ́ ìyókù. Ohùn ọkùnrin tí Alága gbọ́ kò yé e.

"Ta ló gbé fóònù ìyá mi?"

"Èmi káfíńtà ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mi ò ní fèrèsé mọ́. Ìyá yín ni mo fẹ́ máa bá sọ̀rọ̀."

Wáyà, ó yẹ kí o rí bí ó ṣe já wọ ṣọ́ọ̀bù. Ṣọ́ọ̀kì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń ká àwọn kọ́tìnì tí a fi kọ́ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo ẹ̀yìn wọn, ó ń wá ọkùnrin. Èmi àti Màmá nìkan ló bá. Nígbà tó sọ ohun tó gbọ́ tán, Màmá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, ṣé kì í ṣe pé ọkùnrin yẹn ń fíláṣì àwọn ni? Ìgbà náà ni mo tó ṣàlàyé fún wọn pé tí Alága tàbí èmi bá ti gbé ìpè, tiwọn ló ń dákẹ́ yẹn, pé ẹni náà kò já a rí.

Màmá yọ jígí ojú wọn. Alága gbé ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ sílẹ̀.

"Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n máa pè yín ni?"

"Mo fẹ́ ẹ," Màmá dá a lóhùn. "Bí ẹ̀yin bá ti lọ sílé yín tán, ilé máa ń dákẹ́ jù fún mi."

Alága lọ sídìí àga Bàbá, ó kó aṣọ oníbàárà kúrò lórí rẹ̀, ó gbé àga náà sínú ọkọ̀, ó sì wa ọkọ̀ lọ. Mo rò pé ó fẹ́ lọ gbé e pamọ́ sílé rẹ̀ ni. Ní ìrọ̀lẹ́, ó padà wá láìsí àga. Ọ̀dọ̀ Bàbá Jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ló gbé e lọ. Ó ní ẹsẹ̀ àga náà kan ti ń mì tipẹ́, pé òun ní kí wọ́n bá wa tún un ṣe, kí wọ́n sì jókòó lé e dáadáa láti fi mọ̀ bóyá ó ti le. Màmá fi ọwọ́ nu ojú, wọ́n ní eruku ṣọ́ọ̀kì ni.

Mo ti tún fóònù ṣe báyìí. Tí Bàbá Jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bá pè, ti Màmá nìkan ló ń dún. Ìpè oníbàárà ọ̀sán yòókù, ọ̀dọ̀ Alága ni Màmá ní kí n máa darí gbogbo rẹ̀ sí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó dún, mo dúró sẹ́yìn kọ́tìnì, mo na etí. Ó dà bíi pé Bàbá ń sọ pé àwọn fẹ́ dá kọ́tìnì tó kù padà. Màmá ní kí wọ́n má dán an wò, pé àwọn ò lè wá máa gbé ilé onífèrèsé méjì, kí wọ́n yáa lọ lu ògiri láti fi ṣe fèrèsé sí i.

Láti àná ni Bàbá Jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ti ń lu ògiri.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o fi ẹnu ko àbíkẹ́yìn lẹ́rẹ̀kẹ́ fún mi, kí o sì sọ fún màmá rẹ pé Màmá mi ń kí wọn. Bí Alága bá pè ọ́ láti béèrè bí ìpè òun ṣe dé ọ̀dọ̀ káfíńtà, ìwọ náà mọ ohun tí wàá sọ: àṣìṣe ni.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń ṣèèṣì,

Abẹ́rẹ́.