Ẹnu Mọ́mì Àgbà Wọ Ọkọ̀ Apẹja

Buckie,
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹwàá oṣù Kọkànlá.

Mọ́mì Àgbà mi ọ̀wọ́n,

Ọjọ́ méjì kẹ̀! Ẹ bá mi sọ fún Wullie, aládùúgbò yín, pé ọjọ́ mẹ́fà gbáko ni mo lò lójú òkun. Ó jókòó sí kíṣìnì yín, ó ń mu tíì yín, ó ní ẹnu mi á jẹ́ kí wọ́n jù mí sómi kó tó di ọjọ́ kejì. Ta ló ń bá wí? Èmi tí mo ta agbòjò tán ní Glasgow lọ́jọ́ tí oòrùn ń ràn! Tí wọ́n bá jù mí sómi, màá ta agbòjò fún ẹja, ẹja á tún ní kí n mú èkejì wá fún ìyàwó òun.

Ẹ kú ilé o, Mọ́mì. Orúnkún ńkọ́? Ṣé ẹ ń fi òróró yẹn pa á? Ara tèmi le koko, ọwọ́ mi nìkan ló ń rùn.

Bàbá kan ló fẹ̀yìn tì nínú ọkọ̀ apẹja Ọ̀gá Jeems ní Buckie níbí, ẹ̀yìn ń dùn ún. Ọ̀gá ní kí n wá fi ọjọ́ mẹ́fà dán an wò, tí mo bá ṣe dáadáa, àyè bàbá yẹn di tèmi. Mọ́mì, ẹ mọ̀ mí. Kò sí ohun tí mi ò tíì tà, ṣùgbọ́n mi ò ríṣẹ́ tí á ṣì mọ orúkọ mi lọ́dún tó ń bọ̀ rí. Mo fẹ́ iṣẹ́ yìí gan-an ni.

Gẹ̀ẹ́sì tibí kì í ṣe ti Glasgow wa o. Tí wọ́n bá fẹ́ béèrè àlàáfíà ẹ, “Fit like?” ni wọ́n á wí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Dod, àgbà òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀, wò mí títí, ó ní, “Ìwọ ọmọ Glasgow, rọra sọ̀rọ̀ jàre, ṣé ọlọ́pàá ń lé ẹ ni?” Mo ní, “Bàbá, wọn ò lè bá mi.” Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n wá ka èèwọ̀ fún mi. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí wọn kì í sọ lójú omi. Mo fi ọwọ́ òsì di kọ́kọ́rọ́ irin mú báyìí kí n tó kọ wọ́n: ẹlẹ́dẹ̀, pásítọ̀, ẹja sámọ́nì. Ẹja pupa ni kí o pe sámọ́nì, kí o pe pásítọ̀ ní aláṣọ dúdú. Èyí tó ń fi imú tú ilẹ̀ yẹn, má tiẹ̀ pè é rárá. Tí ọ̀kan bá bọ́ lẹ́nu ẹ, fọwọ́ kan irin tútù kíá.

Mọ́mì, mo ṣọ́ ẹnu mi! Lọ́jọ́ kẹta tí Dod ń dín ẹran èyí tí a kì í pè yẹn láàárọ̀, ọ̀rọ̀ yẹn dé eyín mi, mo gbé e mì pẹ̀lú tíì gbígbóná.

Ọjọ́ kẹfà la wá sún mọ́ èbúté, nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé, mo rí i pé ẹ ti fi ohùn ránṣẹ́. Ó kù kí a da àwọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i. Èmi, ẹnu ò gbélé, mo ní, “Ẹ wá gbọ́ ìyá tó bí ìyá mi, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ bíi tiẹ̀ ní gbogbo Buckie yín.” Mo so ó mọ́ sípíkà.

Ẹ̀yin náà wá bẹ̀rẹ̀: “Gregor, ṣé o ti jẹun? Pásítọ̀ wá kí mi lánàá. Mo yan itan ẹlẹ́dẹ̀ fún un, ó jẹ ẹ́ kan egungun. Pásítọ̀ náà gbé odidi sámọ́nì wá o!”

Mọ́mì! Mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà!

“Irin tútù!” Dod ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó dì mọ́ ẹ̀rọ tó ń fa àwọ̀n bí ìyàwó àfẹ́sọ́nà. Ọ̀gá yọrí lójú fèrèsé.

“Ta nìyẹn?”

“Mọ́mì àgbà mi ni, sà.”

“Ṣé ó wà nínú ọkọ̀ mi?”

“Rárá, sà.”

“Ta ló wá gbé e wọlé?”

“Èmi ni, sà.”

Ọ̀gá yí ọkọ̀ padà sí èbúté, a ò da àwọ̀n ìkẹyìn yẹn mọ́. Mo ti ń palẹ̀ ẹrù mi mọ́, mo ń ro ohun tí màá wí fún Wullie.

A gúnlẹ̀, Ọ̀gá pè mí. Ó ní, “Láti ọjọ́ tí a ti gbéra ni mo ti ń ṣọ́ ẹnu ẹ. Kò yọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mọ́ńdè, aago márùn-ún ìdájí, má pẹ́. Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn ò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ mi mọ́.”

Ọlọ́run á dá yín sí fún mi, Mọ́mì. Ẹ ó fẹsẹ̀ ara yín rìn wá sí Buckie, ẹ ó jẹ ẹja tí ọwọ́ mi pa.

Èmi ni ọmọ ọmọ yín, òṣìṣẹ́ ọkọ̀ Ọ̀gá Jeems,
Gregor.

Àfikún: Ẹ ka ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn sí Wullie létí lẹ́ẹ̀mejì. Tí ẹ bá ní ọ̀rọ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ìwé kì í pariwo. Fóònù ń dún bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹ̀yin náà ni. Ẹ má bínú, Mọ́mì. Mo ti pa á.