Orin Tí A Fi Ń Bèèrè Bọ̀dá Ráṣíìdì

Màmá mi, ẹ kú ilé o. Láti Kútọnu níhìn-ín ni mo ti dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ kí yín. Mo kí Bàbá Àgbà, olórí agbo ilé wa. Mo kí ìyàwó Bọ̀dá Ráṣíìdì àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀. Ṣé wọ́n ti kan páànù tí atẹ́gùn ṣí? Èmi náà wà, alhamdulilai. Mo ń jẹun, mo ń sùn.

Àpò àlùbọ́sà ni mò ń já láti inú ọkọ̀. Òjò ibí kì í dáwọ́ dúró, afẹ́fẹ́ òkun a sì máa lẹ̀ mọ́ni lára bí ẹ̀kọ. Ègùn àti Faransé ni wọ́n ń sọ. Ẹ ṣáà mọ̀ mí, tó bá jẹ́ ti tẹ́lẹ̀ ni, mi ò bá ti máa sín gbogbo wọn jẹ. Ọ̀gá wa ń kólòlò, a sì máa gbá ara rẹ̀ nídìí tó bá ń bú wa. Mi ò tíì sín in jẹ rí. Kò kàn ṣe mí bíi kí n ṣe é. Mo fi owó díẹ̀ rán awakọ̀ kan tó jẹ́ ará Sẹkọ́nà sí yín, ẹ fi ra mílíìkì fún ọmọ.

Gbangba ni mo gbé lẹ́tà yìí sí, kí gbogbo Ẹdẹ lè kà á. Ẹ̀yin mọ ọ̀rọ̀ náà, Màmá, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni mo ń rò ó fún.

Bọ̀dá Ráṣíìdì, ẹ̀gbọ́n mi, ń wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kérò. Àwọn táàsìfọ́ọ̀sì ní kó ra tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kejì láàárọ̀ ọjọ́ kan náà, ó ní òun ò rà. Wọ́n gbé òun àti kẹ̀kẹ́ lọ. Nígbà tí ẹ dé ọ́fíìsì wọn, ẹ rí kẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n ní àwọn ò mọ ẹni tó ń jẹ́ Ráṣíìdì. Wọ́n tún ní kí ẹ lọ wò ó nílé àlè rẹ̀.

Kò sẹ́ni tí kò mọ ohùn ọ̀gá wọn nílùú, torí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ló fi ń kìlọ̀ fáwọn oníkẹ̀kẹ́ kiri. Imú ló fi ń sọ̀rọ̀, a sì máa fa ìparí ọ̀rọ̀ bíi rọ́bà. Mo mú ohùn yẹn, mo fi kọrin. Tìámíyù ọ̀rẹ́ mi ń ta oògùn eku, mẹ́gáfóònù rẹ̀ ló ń bá a polówó láti àárọ̀ dalẹ́. A pa ti oògùn eku rẹ́, a gba orin sí i:

Èmi ọ̀gá ni mo gbé Ráṣíìdì,
Ẹ wá gbọmọ yín, ẹ wá gbọmọ yín.
Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ rèé, ẹni tó ń wà á dà?
Ẹ wá bi mí o, ẹ wá bi mí.

Tìámíyù gbé e kiri, ojú rẹ̀ le bíi ti lèmọ́ọ̀mù. Kí oòrùn tó kan àtàrí, àwọn ọmọdé ti mọ̀ ọ́n kọ.

Àṣé Bàbá Àgbà gbọ́ ọ lójú fèrèsé, wọ́n sì rò pé ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ń kéde. Wọ́n wọ agbádá, wọ́n mú obì, wọ́n kó àwọn àgbà ilé lẹ́yìn, ó di ọ̀dọ̀ ọ̀gá, wọ́n lọ dúpẹ́. Wọ́n ṣàdúà gígùn fún un. Wọ́n wá bèèrè ibi tí ọmọ wà, wọ́n ní àwọn ti mú bùbá tí yóò wọ̀ wálé dání. Àwọn ọlọ́kadà dúró. Ẹnìkan dá orin náà, gbogbo èrò gbè é. Mo wà láàárín wọn. Ẹ̀rín pa ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi títí ó fi jókòó sílẹ̀. Bàbá Àgbà ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣì na bùbá yẹn sí ọ̀gá.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn táàsìfọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá mi, tí ẹ fi mí sọ́kọ̀ Kútọnu.

Ẹ ní àwọn ọkùnrin méjì láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá wá bá yín láìpẹ́ yìí. Wọ́n ní kí n fi ohùn Bọ̀dá sọ̀rọ̀ sórí fóònù pé òun rìnrìn àjò fúnra òun, kí wàhálà parí, kí n máa bọ̀ wálé. Ọ̀kan tiẹ̀ ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ tó jí ohùn ọ̀gá, ṣé ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni yóò wá nira fún un.

Ẹ̀yin náà wá pè mí. Ẹ ní kí n fi tiwọn sílẹ̀, kí n ṣe é fún ẹ̀yin nìkan, bí Bọ̀dá ṣe máa ń kí yín tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ẹ ní ohùn rẹ̀ ti ń lọ kúrò létí yín.

Mo gbìyànjú ẹ̀ ní balùwẹ̀. Ó jáde, Màmá. Òun gan-an ni. Mo panu dé, mo da omi sára, mo padà sídìí àlùbọ́sà.

Mi ò ní fi ránṣẹ́. Bí ohùn yẹn bá jáde lẹ́ẹ̀kan péré, á di pé Bọ̀dá wà níbì kan tó ń sọ̀rọ̀, kò sì ní sẹ́ni tí yóò bi wọ́n léèrè mọ́. Kí wọ́n mú un jáde, kó fi ẹnu ara rẹ̀ kí yín. Ẹ̀yin ará Ẹdẹ, bí ẹ bá gbọ́ Ráṣíìdì lórí fóònù láìfojú rí i, kì í ṣe èmi, kì í sì í ṣe òun. Ẹ máa kọ orin yẹn lọ.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, Màmá. Ẹkún ọmọ ò ní pa yín. Ẹ bá mi kí Tìámíyù, ẹ kí àwọn ará oko ní Alájùẹ, ẹ kí gbogbo ilé.

Èmi ọmọ yín,
Wàídì.