Bí Ọmọ Inú Mi Ṣe Wúwo Tó

Màmá mi, ẹ kú àárò wa. Mo kí Bàbá àti àbúrò mi. Ọkọ mi ti ríṣẹ́; ẹsẹ̀ mi ṣì wú díẹ̀.

Lánàá, ní ilé ìwòsàn, wọ́n fi ẹ̀rọ wọn orí, ikùn àti itan ọmọ inú mi, wọ́n ní ó lé ní kílò mẹ́rin. Dókítà ní ẹ̀rọ lè ṣì í wọ̀n, ó wá bi mí bí èmi náà ṣe tóbi tó nígbà tí ẹ bí mi. Ta ni kí n bi níbí?

Ní kékeré, bí mo bá tilé ìyá àgbà dé, ẹ máa ń gbé mi sókè: "Ọmọ mi ti fúyẹ́!" Ẹ ò ṣì í wọ̀n rí.

Ẹ tètè fèsì. Ọlọ́run á dá yín sí. Bí ọmọ náà bá délẹ̀, wọ́n á gbé e sórí ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ bá gbé e sókè ni màá tó mọ bó ṣe wúwo tó.

Ọmọ yín.