Ọkọ Oníbọn Méjì Tí O Fi Ránṣẹ́ Sílé

Mubarakah, Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùn. Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun dáadáa ní Èkó? Àwa náà wà ní Ẹdẹ níbí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ewúrẹ́ ńlá ti bí ìbejì, ìjì sì gbé páànù ilé ìdáná wa lọ sí àgbàlá àwọn Ọládòṣù, àmọ́ wọ́n ti dá a padà, ó kàn ti ya ni. A ò ní gbọ́ ohun tí kò dára nípa rẹ o, àmín. Sàídì àbúrò rẹ ní òun máa ya fọ́tò lẹ́tà yìí, òun á sì jù ú sínú fóònù rẹ. Mo ní kó jẹ́ kí íńkì rẹ̀ gbẹ ná, kó má lọ kun fóònù rẹ nínú.

Ọ̀rọ̀ ọkùnrin tí o fi ránṣẹ́ ló sọ mí di akọ̀wé. Ìwọ náà mọ̀ pé láti ọjọ́ tí o ti sọ fún bàbá rẹ pé o ò ṣe nọ́ọ̀sì mọ́, pé àwòrán ni wàá máa yà jẹun, kò gbé fóònù rẹ mọ́. Bí mo bá dárúkọ rẹ nídìí oúnjẹ, á ní kí n bu omi wá. Ó ń dùn mí gan-an. Ìgbà tí dírẹ́bà ọkọ̀ Èkó wá gbé ìwé pẹlẹbẹ kan tí àwòrán ọkùnrin wà lára rẹ̀ dé, tó ní o ní kí n wo ẹni tó ń fún ọ láyọ̀ báyìí, kí n sì fi í han bàbá rẹ, kí lo fẹ́ kí n rò? Ọmọbìnrin tó bá fi fọ́tò ọkùnrin ránṣẹ́ sílé, ọkọ ló fi hàn. Mo jó dé ẹnu ọ̀nà, mo tún jó padà.

Ọkọ náà sì dára! Háà, Àṣàkẹ́! Imú rẹ̀ gún régé, èjìká rẹ̀ fẹ̀ bíi géètì. Àpá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀, mo ní kò ṣe nǹkan, àpá ò ní jẹ́ kí àwọn ọmọge Èkó yọjú sí i. Ojú ọ̀run ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n bí epo tuntun, òjò ń rọ̀ sórí fìlà rẹ̀, mo fi ọwọ́ kàn án wò bóyá á tutù. Èéfín tó ń jáde lẹ́nu ìbọn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi húkọ́.

Alhaja Hasanat, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, ní ká bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Wọ́n wo orúkọ tí wọ́n kọ gàdàgbà sókè, Adájọ́ Òru, wọ́n ní adájọ́ kúkú ni, iṣẹ́ ìjọba, àmọ́ kí ló ń fi ìbọn méjì ṣe ní kóòtù? Mo ní Èkó ni, ẹjọ́ ibẹ̀ le. Wọ́n tún rí àwọn ọkùnrin tó da ojú dé ilẹ̀ gbalaja lẹ́yìn rẹ̀. Alhaja ní àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ nìyẹn, wọ́n ti ń dọ̀bálẹ̀ kí àna, ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni gbogbo wọn. Alhaja ṣàdúrà fún wọn pé wọ́n á dàgbà, wọ́n á darúgbó.

Bàbá rẹ ń díbọ́n pé òun ò wò ó. Nígbà tó yá, ó fi awò sójú. O mọ̀ pé ọdẹ bíi tirẹ̀ ò ṣeé tàn. Ó ní ta ló kọ́ eléyìí níbọn? Ó ń wo ọ̀tún, ìka rẹ̀ ti wà níbi tí wọ́n ti ń fa ìbọn. Ọwọ́ méjèèjì ló fi di ìbọn mú, ta ni yóò bá a tan tọ́ọ̀ṣì? Mo ní ìyàwó rẹ̀ ni. Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ní ojú ọkùnrin náà jọ ojú ẹni tí kò lè sùn nígbà tí olè ń rìn nílùú, kí o mú un wá, òun á kọ́ ọkùnrin náà bí wọ́n ṣe ń gbé ìbọn. Ó dárúkọ rẹ, Àṣàkẹ́! Kíá ni mo gbé àwòrán náà kọ́ sára ògiri pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán Mẹ́kà.

Àfìgbà tí Sàídì ti Poli dé, tó rí i, tó fi ẹ̀rín yí mọ́lẹ̀. Ó ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ láyé, inú ìwé ìtàn alàwòrán ló wà, ìwọ lo fọwọ́ ya ọkùnrin náà, orúkọ rẹ nìyẹn nísàlẹ̀, tó kéré bí èèrà. Bàbá rẹ ní ṣé ọkùnrin náà tiẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ ọdẹ. Sàídì ní kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan, fúnra rẹ̀ ló ń lé olè kiri, tó ń yìnbọn fún wọn, àwọn tó sùn sílẹ̀ yẹn ló ti pa. Alhaja ní ìnnà lílláhì, àdúrà ẹ̀mí gígùn tí òun ti gbà ńkọ́! Èmi ní tèmi, ọ̀fọ̀ àna ṣẹ̀ mí, mi ò lè jẹun.

Bàbá rẹ bá yọ àwòrán náà lára ògiri. Mo rò pé yóò fà á ya ni. Ó gbé e lọ síta síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ ojú yẹn jẹ́jẹ́, ó ń béèrè lọ́wọ́ Sàídì pé ṣé ọwọ́ ni o fi yà á, ọwọ́ lásán? Ó ní kì í ṣe ẹ̀bi ọkùnrin náà pé kò mọ ìbọn gbé, ẹni tó yà á ni kò rí bàbá tó fi hàn án.

Láti ìgbà náà, gbogbo ọ̀sán ló ń wọ gbérí ọdẹ rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé, ó gbé ìbọn dúró bó ṣe yẹ kí wọ́n gbé e, ó ní kí o wá wò ó dáadáa, kí o yà á. Sàídì ní òun lè fi fóònù yà á, bàbá rẹ lé e sá lọ. Kò jẹ́ kí n fọ gbérí náà, ó ní idọ̀tí rẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn.

Nítorí náà, fi owó páànù ránṣẹ́, àti ti gíláàsì tí a máa fi bo àwòrán Adájọ́. Bó o bá sì ráyè, ya ọkùnrin mìíràn tó ń rẹ́rìn-ín, tí kò gbé ìbọn, kí o wá máa mú àwòrán náà kiri Èkó títí wàá fi rí ẹni tó jọ ọkùnrin náà. Ọlọ́run á tún ọwọ́ rẹ ṣe, iṣẹ́ rẹ ò ní parẹ́.

Ṣùgbọ́n tètè máa bọ̀, ọmọ mi. Ìbọn yẹn wúwo, apá ti ń ro bàbá rẹ, kò sì gbà láti gbé e sílẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Fàsílátù